Sálúbàtà Wa Lábẹ́ Ọ̀gánwó

Ọdún tí ọmọ mi obìnrin, Nafísátù, wọ yunifásítì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní àsìkò tí ooru Ouagadougou máa ń mú jù, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Mo ń kọ ọ́ nítorí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbé àdúgbò wa lónìí. Ẹ rò pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ilé funfun olódi gíga yẹn ti wà nísàlẹ̀, létí odò. Wọn ò sí níbẹ̀. Igi ló wà níbẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ àdúgbò náà. Mi ò sì ní dárúkọ ọ́fíìsì tí wọ́n ti rán ọkùnrin tó ka orí wa lọ́jọ́ náà. Gbogbo orúkọ èèyàn tí ẹ máa rí níbí, mo ti yí wọn padà. Ẹni tó bá ní ojo ni mí, mi ò ní bá a jiyàn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Tí alùpùpù bá rọra dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ẹni tó gùn ún ò sì tètè sọ̀kalẹ̀, màá fi aṣọ tí mo ń wọ̀n sílẹ̀, màá wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́ ló wà nínú mi. Ìríra wà níbẹ̀, òun ló sì pọ̀ jù. Ìríra yẹn ló ń jẹ́ kí n lè kọ̀wé yìí.

Àdúgbò Zangouettin ní Ouaga ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn ọjà ńlá, nínú ilé tí bàbá mi, ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà, rà nígbà tó ti Gánà dé. Nígbà tí ìjọba wó Zangouettin, mo ti lọ́kọ, ṣùgbọ́n mo lọ dúró wo bí katakata ṣe ń tú ògiri yàrá tí ìyá mi bí mi sí. A gba yàrá ní àdúgbò Cissin fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi, tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù, rí ilẹ̀ kan rà lẹ́yìn ìlú, a sì kọ́lé síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe rí, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ò ní mọ ohun tí wọ́n jí.

Ibẹ̀ ò jìnnà. Bí mo bá rọ tíì sínú ike láàárọ̀, tí mo gun ẹ̀yìn alùpùpù ọkọ mi, a ó dé ṣọ́ọ̀bù mi nínú ìlú, tíì náà á ṣì máa jó ètè. Síbẹ̀, tí o bá wà nílé, o ò ní gbà pé ìlú kankan wà nítòsí. Ọ̀nà ọ̀dà máa ń pin níbi tí wọ́n ti ń ta èédú. O ó wá yà sí ọ̀nà pupa, awọ ara rẹ ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ pé o ti dé. Afẹ́fẹ́ á yàtọ̀. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí kì í gbẹ tán, kódà nígbà ọyẹ́. Àwọn igi ọ̀gánwó tò sí etí rẹ̀, àwọn igi ńlá tí wọ́n ti wà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Máńgòrò wà lẹ́yìn wọn. Igi òrí àti igi irú wà láàárín ilé wa, kò sì sẹ́ni tó ń gé wọn. Nírọ̀lẹ́, lékeléke á wọ̀ sórí àwọn ọ̀gánwó títí orí igi á fi funfun. Nígbà òjò, ọ̀pọ̀lọ́ kì í jẹ́ kí á gbọ́ rédíò. Etí odò yẹn làwọn obìnrin ti ń gbin sàláàdì, ìṣápá àti àlùbọ́sà tí wọ́n ń gbé lọ tà nílùú. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan tí a jókòó níwájú ilé pé òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè sùn ní Ouaga láìtan fáànù.

Ẹni tó gbé gbogbo èyí tà kì í ṣe àjèjì. Aládùúgbò wa ni. Lasané ni màá máa pè é. Ó mọ èèyàn í kí. Kì í gbàgbé orúkọ ọmọ ẹnikẹ́ni. Tí aboyún bá ń rọbí, ọkọ̀ rẹ̀ ló máa gbé e dé ilé ìwòsàn, kò sì ní gba nǹkan kan. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn, torí ọwọ́ tó fi ń gbé aboyún náà ló fi tọ́ka igi wa fún àwọn tó fẹ́ gé e.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòro láti lóye. Àwọn kan nílùú fẹ́ ilẹ̀ etí odò kí wọ́n fi kọ́lé fún àwọn olówó. Gbogbo àdúgbò ló ni ilẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò sì lè gbà á àfi tí olórí ìgbìmọ̀ àdúgbò bá fọwọ́ sí i. Olórí wa àtijọ́ ti kú. Ẹni tí a bá yàn dípò rẹ̀ ló máa sọ pé kí wọ́n máa bọ̀ tàbí kí wọ́n má wá. Lasané jáde láti dupò náà. A wá bẹ Salamata pé kí òun náà jáde.

Opó ni Salamata, oko rẹ̀ ló sì tóbi jù létí odò. Ará Samo ni, Lasané jẹ́ Mossi. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sílùú yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ìran méjèèjì máa ń bú ara wọn ṣeré, wọ́n á máa pe ara wọn lẹ́rú, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ bínú. Bí Lasané bá ń kọjá, Salamata á ké sí i láti àárín sàláàdì rẹ̀ pé, “Ẹrú mi, ta ló ní kó o wọ bàtà? Bọ́ ọ sílẹ̀, kó o wá bomi rin.” Lasané á dáhùn pé, “Olúwa rẹ kì í bomi rin ewébẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́ ni.” Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín púpọ̀ nígbà náà.

Èmi ni mò ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú Salamata, torí mo gbọ́ Mooré, mo gbọ́ Dioula, mo sì mọ̀wé díẹ̀. Tanti Yorùbá, ìyẹn àǹtí Yorùbá, ni wọ́n ń pè mí. Inú ọkọ mi ò dùn sí i. Ó ní, “Má ṣe wà níwájú. Tó bá dìjà, wọn ò ní pè ọ́ ní ìyá Nafísátù mọ́. Ará Nàìjíríà ni wọ́n máa pè ọ́.” Mo sọ fún un pé ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Ó ní òun mọ̀, àwọn náà mọ̀, ìyẹn ò ní kí wọ́n má pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní àdúgbò wa, a kì í ju ìwé sínú àpótí tí a bá ń yan olórí. Ẹni tí o bá fẹ́ ni wàá tò sẹ́yìn rẹ̀, aṣojú ìjọba á wá ka orí. Salamata ló dábàá pé kí á ṣe é lábẹ́ àwọn ọ̀gánwó, kí ẹni tó bá fẹ́ tà wọ́n dúró síwájú wọn tà wọ́n. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Lasané náà pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ ìbò, a tètè jí. A fẹ́ gba ibòji kí àwọn yòókù tó dé, torí àwọn àgbà àti àwọn ìyá ọlọ́mọ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ibòji àwọn igi náà nà sí apá ibi tí oko wà, ibẹ̀ la sì tò sí. Nígbà tí àwọn ti Lasané dé, kò sí ohun tó kù fún wọn ju apá kejì igi lọ, nínú oòrùn. Àwọn èèyàn wa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí wọ́n sọ fún olúwa wọn kó ra agboòrùn. Lasané fúnra rẹ̀ wá kí wa. Ó ní kí á má ṣe ìyọnu, ibòji tọ́ sí àwọn àgbà. Ó ní, “Ẹ dúró síbẹ̀, Tanti. Barka, ẹ ṣeun.”

Ìlà wa gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Salamata, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ewébẹ̀ kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú ọ̀nà. Tiwọn kúrú débi pé àánú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí. Ẹni tó bá lójú ti mọ ẹni tó wọlé.

Aṣojú ìjọba dé pẹ̀lú kóòtù aláwọ̀ eérú àti àwọn ọlọ́pàá díẹ̀. Ó wo ìlà wa, ó wo tiwọn, ó bá Lasané sọ̀rọ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀ Lasané lọ jókòó, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gíláàsì wà ní títì. Nígbà tí a ránṣẹ́ sí i pé a ti ṣe tán, wọ́n ní ẹnìkejì rẹ̀ ló ń dúró dè, pé ẹni náà ti wà lójú ọ̀nà. A dúró. Oòrùn gòkè. Ibòji ń fà sẹ́yìn kúrò lẹ́sẹ̀ wa, títí ó fi ká jọ sábẹ́ igi. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà sí apá kejì. Àwọn ti Lasané ló wá wà nínú ibòji, àwa wà nínú oòrùn tó ń ta èèyàn lórí bí iná.

Ohun tí a ṣe nígbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdúgbò wa á ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ. Lẹ́rọ omi, tí ẹsẹ̀ bá ń ro ọ́, wàá gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ sílẹ̀ nínú ìlà, wàá sì lọ. Kẹ́ẹ̀gì náà ni ìwọ. Kò sẹ́ni tó máa sún un. Ní ilé ìwòsàn, sálúbàtà ló ń tò, àwọn tó ni ín á jókòó sórí àga. Báyìí làwa ti ń ṣe láti ìgbà tí a ti dé ibẹ̀, olówó àti tálákà. Nítorí náà, nígbà tí ìrun ọ̀sán tó, àwọn ọkùnrin wa bọ́ bàtà sílẹ̀ nínú ìlà wọ́n lọ kírun. Àwọn ìyá arúgbó bọ́ sálúbàtà tiwọn, wọ́n rìn kọjá ìdí igi, wọ́n lọ jókòó nínú ibòji tó kù, níbi tí àwọn ti Lasané wà. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tẹ̀ lé wọn. Ẹnikẹ́ni ò fura. Aládùúgbò ni gbogbo wa. Ìlà wa ò já; sálúbàtà ló di ìlà, aláwọ̀ búlúù, aláwọ̀ pupa, èyí tí wọ́n fi wáyà so, wọ́n tò láti ìdí Salamata dé ọ̀dọ̀ ọgbà. Èmi àti Salamata àti àwọn díẹ̀ tí ara wọn le ló kù lórí ìdúró.

Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ọkùnrin yẹn jáde, ara rẹ̀ tutù nini. Ọlọ́pàá fọn fèrè. Aṣojú ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò níbi tó wà, òun ti fẹ́ ka orí.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Lasané. Ó ka àwọn tó dúró, ó ka àwọn tó jókòó. Ìyá arúgbó kan gbìyànjú láti dìde, ọlọ́pàá ní kó jókòó. Ìyá náà ní, “Èmi ò sí lẹ́yìn Lasané o. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n ka ìyá náà mọ́ wọn.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ka àwọn tó dúró, ó sì yí padà. Salamata pè é. Ohùn rẹ̀ ò ròkè.

“Ọ̀gá, ẹ ò tíì kà wá tán.”

“Mo ti ka gbogbo ẹni tí mo rí, Madame.”

“Àwọn tó ni bàtà wọ̀nyí nìyẹn. Ẹ ń wò wọ́n. Ibòji ni wọ́n lọ jókòó sí.”

Ọkùnrin náà wo ìlà sálúbàtà wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni tí wọ́n da ìdọ̀tí síwájú rẹ̀. Ó ní, “Bàtà kì í dìbò.”

Mi ò mọ ẹni tó tì mí síwájú. Mo kọjú sí Lasané. Mo ní, “Ìyàwó rẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ lẹ́rọ omi lánàá, ó lọ dáná nílé. Nígbà tó padà dé, ta ló gba àyè rẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí mi láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n náà ni. Ó ní, “Tanti, omi nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la wà yìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó nilẹ̀ sọ ọ́.”

Wọ́n kéde pé òun ló wọlé. Àwọn ọkùnrin wa ti mọ́sáláṣí dé, wọ́n bá bàtà wọn níbi tí wọ́n fi í sí, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́. Àwọn ti Lasané kó míńráàlì tútù jáde; ó ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀, nínú yìnyín. Èyí ni mi ò tíì lè gbé mì títí dòní: mo rí àwọn tí sálúbàtà wọn wà nínú ìlà wa, tí wọ́n na ọwọ́ gba ìgò. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n lóòótọ́. Ó ń gbẹ èmi náà.

Kò pẹ́ tí katakata fi dé. Láàárọ̀ ni. Salamata ti ní kí á lọ jókòó sí ìdí àwọn igi náà, a sì lọ, àwa obìnrin, a gbé ọmọ sẹ́yìn, a gbé garawa ìbomirin dání bí ẹni tó ń lọ sóko. Àwọn awakọ̀ katakata pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní ìyá òun náà ń gbin àlùbọ́sà. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn ni kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin ni wọ́n, wọn ò wọ aṣọ iṣẹ́ ìjọba, wọ́n mú igi lọ́wọ́. Wọn ò sọ pé kí á dìde. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lù wá.

Wọ́n lù mí léjìká, mo ṣubú, mo sì rá wọ abẹ́ afárá kékeré tí odò gbà kọjá. Mo dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo fi ìbòrí mi dí ẹnu. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí Salamata. Ó di ara igi mú. Ọkùnrin kan ń pariwo kó tú u sílẹ̀, kò sì tú u sílẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kán. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rọ agégi, ilẹ̀ sì ń mì lábẹ́ mi bí àwọn igi náà ṣe ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn èèpo ọ̀gánwó gba gbogbo ibẹ̀ kan, òórùn kíkorò kan náà tó máa ń jáde látinú àgbo ibà tí ìyá mi máa ń sè. N kò lè mu àgbo yẹn mọ́.

Nírọ̀lẹ́, lékeléke dé bí wọ́n ṣe máa ń dé. Wọ́n yí lójú ọ̀run, wọ́n yí, wọn ò rí ibi tí wọ́n máa wọ̀ sí. Wọ́n bà sórí páànù ilé wa, lórí ògiri, lórí katakata. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́.

Egungun ọwọ́ Salamata ò tò dáadáa. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Nígbà tí mo lọ kí i nílé, Lasané wọlé bá wa, ó kó ọsàn sínú ọ̀rá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ̀yín, ó sì sọ ohun tí mi ò rò pé ẹnu èèyàn lè sọ.

“Ẹrú mi, wọ́n ní o ṣubú. Ta ló máa wá bomi rin oko mi báyìí?”

Ẹ ní láti lóye ohun tó ń ṣe. Eré àwọn bàbá wọn ló gbé wá. Tí Salamata bá bú u padà, bí àṣà ṣe fẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú mọ́, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ pé wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ fi ẹ̀rín wẹ ọwọ́.

Salamata wò ó títí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wá sọ pé, “Èmi àti ìwọ ò ṣeré mọ́.”

Mi ò tíì gbọ́ kí ará Samo sọ bẹ́ẹ̀ fún Mossi rí. Lasané náà ò gbọ́ ọ rí. Ó wo èmi, bí ẹni pé kí n bá a bẹ̀ ẹ́. Mo gbé ọsàn rẹ̀ fún un, ó sì lọ.

Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn méjì kan lórí alùpùpù wá béèrè Tanti Yorùbá ní ṣọ́ọ̀bù mi. Wọn ò ra aṣọ. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ ojú mi ni. Ọkọ mi ò bá mi wí. Ó ti ilẹ̀kùn wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì tún padà lọ wò ó bóyá ó tì. Láti ìgbà náà, mi ò dé etí odò mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí bóyá a rí nǹkan kan gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré. Wọn ò fọwọ́ kan igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, torí ariwo wa ti dé etí àwọn kan nílùú, wọ́n sì ní kí wọ́n fi àwọn yẹn sílẹ̀. Nígbà ìbò tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn dúró lórí ẹsẹ̀ wọn nínú oòrùn títí wọ́n fi kà wọ́n tán. Lasané kọ́ ló wọlé, ṣùgbọ́n igi kankan ò kù létí odò tí ẹni tó wọlé lè gbà là. Afẹ́fẹ́ tútù ti lọ. Fáànù ń ṣiṣẹ́ nílé wa láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀. Oko ti lọ. Kò sẹ́ni tó tíì bẹ ìyá arúgbó tí wọ́n kà mọ́ Lasané, ó sì ti kú báyìí. Ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ́jọ́ nítorí ọwọ́ Salamata. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè ìyẹn. Èmi ò ní ìgboyà tó mọ́, mi ò sì ní tàn yín jẹ pé mo ní.

Lẹ́rọ omi, wọ́n ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ nínú ìlà. Ìyàwó Lasané ń gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ jókòó lábẹ́ igi, kò sì sẹ́ni tó ń sún un. Bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Salamata kì í gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń mú un, á dúró síbẹ̀ nínú oòrùn títí yóò fi kàn án. Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, “Tanti, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ wá sí ibòji. Kò sẹ́ni tó máa gba àyè yín.”

Salamata ní, “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni kí wọ́n kà.”

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tèmi, mo sì lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀.